Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ igi



Àwọn àgbà sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Òkúta mẹ́ta gbé ìkòkò dúró fún ìyá wa, ó gbé e dúró fún ìyá ìyá wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: igi mélòó ni òkúta mẹ́ta yìí ń jẹ kí ọbẹ̀ kan tó jinná?

Ẹ wo iná tó wà láàárín òkúta mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sí ọ̀tún, ó ń gbé e lọ sí òsì. Díẹ̀ ló ń kan ìdí ìkòkò. Ooru tó kù ń lọ lásán. Igi tí a fi ẹsẹ̀ wá, tí a fi orí rù, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Ta ni ó ń ru igi náà? Obìnrin ni, àti ọmọbìnrin. Nígbà tí igi wà lẹ́yìn ilé, iṣẹ́ kékeré ni. Bí igi ṣe ń jìnnà sí ilé, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gùn. Ọmọbìnrin tó lọ ṣẹ́gi ní àárọ̀ kò lè wà ní ilé ìwé ní àárọ̀ kan náà. Ìyá tó ti rẹ̀ kò lè jókòó kàwé ní alẹ́.

Lẹ́yìn igi, ó kan èéfín. Ojú ń ta ìyá, ó ń wúkọ́. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń fa èéfín kan náà símú. Àwọn kan ń sọ pé èéfín kì í pa ènìyàn. Ó ń pa ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 230,000 nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ èédú pẹ̀lú. Ẹni tó ń sun èédú kì í ṣe olè. Owó ilé ìwé ọmọ ló ń wá, owó oògùn ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọjà náà. Bí a ṣe ń sun ún lábẹ́ erùpẹ̀, kí a tó rí èédú kílò 1, ó ń gba igi kílò 5, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi òrí ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó so dáadáa. Lẹ́yìn náà, yóò máa so fún ìyá, fún ọmọ àti fún ọmọ ọmọ. Ẹni tó fi igi òrí sun èédú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tà á. Obìnrin tó ń ṣa èso rẹ̀ pàdánù òrí lọ́dọọdún. Igi igbá náà ńkọ́? Bí a bá gé e tán, níbo ni a ó ti rí irú?

Láti ọdún 1951 ni ìjọba ti pààlà sí igbó Abdoulaye. Ó tó hẹ́kítà 30,000. Ní ọdún 2008, wọ́n tún ṣe òfin igbó fún gbogbo Tógò. Síbẹ̀, oko ti wọ inú igbó náà, àáké ti wọ̀ ọ́. Òfin nìkan kò lè ṣọ́ igbó. Àwa tí a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a lè ṣọ́ ọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin ló ń ba igbó jẹ́. Èmi kò gbà. Ta ni ó ni oko? Ta ni ó ń gbà kí wọ́n gé igi tó wà níbẹ̀? Lọ́pọ̀ ilé, baálé ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ọkùnrin kí ó tó kan obìnrin. Kí baálé wa amọ̀, kí ó gbé e wá sílé, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ mọ ààrò tuntun.

Kò gba owó. Ẹ wa erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán. Ẹ gún un, ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi omi pò ó dáadáa. Ẹ to òkúta mẹ́ta yín, ẹ gbé ìkòkò lé e. Ẹ fi amọ̀ mọ ògiri yí òkúta àti ìkòkò ká. Ẹ ṣí ẹnu kan sílẹ̀ fún igi. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kí èéfín lè jáde. Ẹ yọ ìkòkò, kí ẹ jẹ́ kí ààrò gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó dáná. Bí ó bá sán, ẹ fi amọ̀ dí i. Ààrò yìí kò lè mú gbogbo èéfín kúrò. Ẹ máa lo igi gbígbẹ, kí ẹ sì máa dáná níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé.

Ẹ má gbà á gbọ́ nítorí pé mo kọ ọ́ síbí. Ẹ ti mọ nọ́ńbà kọ. Ẹ mú bírò. Fún ọjọ́ 7, ẹ kọ iye ìdì igi tí òkúta mẹ́ta jẹ. Fún ọjọ́ 7 mìíràn, ẹ kọ iye tí ààrò alámọ̀ jẹ. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Èyí tó kù ni èrè yín.

Láti ọdún 1977 ni a ti ń gbin igi ní Tógò ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà. Ó dára. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn tí a kò ṣọgbà yí ká, ewúrẹ́ ni a gbìn ín fún. Kí ọba àti àwọn àgbà ìlú kọ̀ọ̀kan pe ìpàdé, kí wọ́n dárúkọ igi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé mọ́. Kí ẹni tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á sétí gbogbo ènìyàn.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kí a fi amọ̀ yí i ká, kí ó má ba igi wa ṣòfò mọ́.