Bọ́ọ̀sì Màmá Nínú Ẹrẹ̀

Àgbàlá ilé wa ti di ilé mẹkáníìkì. Bọ́ọ̀sì HiAce tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kó gààrí Màmá láti oko ló ń tú. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Bí òjò bá ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀, títì ló kù. Bọ̀ọ̀dá ní òun yóò mú kí táyà iwájú náà máa fà.

Ó ra ákísù iwájú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, àti gíà tí ń pín agbára ẹ́ńjìnnì síwájú àti sẹ́yìn. Owó àjọ tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Mo ní kí a kọ́kọ́ kà á. A fi jáàkì gbé ìdí bọ́ọ̀sì, a fi ẹfun sàmì sí táyà, a yí táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pùrọ̀pẹ́là yí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 5. A gbé ákísù iwájú lé búlọ́ọ̀kù, a ṣe bákan náà: díẹ̀ ló fi lé ní 4. Bí a bá so méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa fa ara wọn títí ọ̀kan yóò fi kán.

Bọ̀ọ̀dá jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù Màmá ń bà mí.

“Ṣé ẹ ti dè é mọ́ ọn ni?”

“Rárá, Mà.”

“Ẹ dá a padà kí ó tó gba gíríìsì.”

Ẹni tó tà á gbà á, ó yọ díẹ̀ nínú owó wa. Èyí tó bá ti ẹ̀yìn mu la ń wá báyìí.