Òòfà Kò Mọ Òjé

Ẹni tó bá gbé ọta tirẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìyìnbọn ní Amẹ́ríkà, òòfà ló sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé. Òṣìṣẹ́ á mú ọta kan nínú páálí, á fi òòfà kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ọta náà kò wọlé nìyẹn.

A kò bá òfin yìí jà. Ọta onírin máa ń ba irin tí wọ́n fi ń gba ọta lẹ́yìn àmì jẹ́, ó sì máa ń ta iná. Ẹ̀tù tí kò jóná tán ń kóra jọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn; ẹ̀ta iná kan ti tó láti ran án. (Ti owó náà wà ńbẹ̀ o: karahun ọta onídẹ ni wọ́n ń ṣà tà, wọn kò fẹ́ kí irin dà á rú.) Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn kì í sì í gba ọta tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ki nílé. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Bó bá kéré jù, ọta lè há sínú ọ̀pá ìbọn, kí èyí tó tẹ̀ lé e wá kọlù ú.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ òjé? Òjé ni inú ọ̀pọ̀ ọta. Òjé tún wà nínú èròjà tí ń ṣáná sí ẹ̀tù nídìí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún ni eruku rẹ̀ ń fẹ́ sáfẹ́fẹ́. Oníbàárà á yìn fún wákàtí kan, á bá tirẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tí ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ń fà á símú lójoojúmọ́, á sì fi aṣọ àti bàtà gbé e lọ bá ọmọ nílé. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Láti 1978 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti gbà kí òjé tó 50 máíkírógíráàmù nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́. Ní California, láti oṣù kìn-ín-ní 2025, 10 ni. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró àwọn ará California ló yàtọ̀ ni?

Kí ìjọba àpapọ̀ rẹ òṣùwọ̀n yìí wálẹ̀. Kí àwọn onígbọ̀ngàn kó ọta tí kò ní òjé wá sórí káńtà, kí wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù fún ẹni tó bá rà á. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku rọ́pò ìgbálẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ wò déédéé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ yìnbọn, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì bi onígbọ̀ngàn yín: ìgbà wo ni ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀ yín wò gbẹ̀yìn?