Ẹ Mú Másítà Yìí Wá sí Akpakpa

Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ wa bá ti gba lísáǹsì tán ní yunifásítì Calavi, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ní Akpakpa, àdúgbò wa ní Kútọnú, máa ń bi ara wọn: níbo ni ọmọ yóò ti ṣe másítà? Faransé, Kánádà, Mòrókò, Ṣáínà ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ní báyìí, ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ń lépa, másítà tó ń kó ìmọ̀ irin, iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ àti ìṣirò pọ̀ sójú kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ ńlá tó díjú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ìlú Eindhoven ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Mo fara mọ́ ọn gidigidi pé kí àwọn ọmọ wa kọ́ ọ. Ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ ni mo fẹ́ bá àwọn aláṣẹ wa sọ. Ẹ mú un wá sí Akpakpa.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú ohun tó sọ Eindhoven di ìlú olókìkí. Ní 1984, ilé iṣẹ́ Philips àti ASM International pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ASML. Inú àgọ́ onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Philips ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àwọn nìkan ló ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ya ìlà tín-ín-tín sára àwọn ṣípù tó lágbára jù lọ láyé. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ẹ̀rọ náà wúwo tó 180 tọ́ọ̀nù, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ju 100,000 lọ. Nínú rẹ̀, irin rírọ̀ tó wà nínú ohun tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń yọ́ fi lẹ wáyà ni wọ́n ń yọ́, tí ó ń kán tó-tó-tó, ẹ̀kán 50,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí lésà sì ń lu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí lè tú jáde. Zeiss ní Jámánì ló ń ṣe dígí tó ń darí ìmọ́lẹ̀ yẹn. Trumpf, ní Jámánì náà, ló ń ṣe lésà.

Kò sí ẹnì kan tó mọ gbogbo ẹ̀rọ yẹn tán. Ẹni tó mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ lè má mọ nǹkan kan nípa irin, ẹni tó mọ irin lè má lè kọ sọ́fítíwíà. Iṣẹ́ ẹni tó bá gba másítà tí mò ń sọ yìí ni pé kí ó dúró láàárín wọn, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù wọn yé, kí ó sì máa bi wọ́n léèrè láìsinmi pé: bí o bá yí tìrẹ padà, kí ni yóò ṣe tẹnìkejì rẹ?

Ibi tí kò bá ti sí ẹni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa bàjẹ́ fún ọlọ́gbọ́n pàápàá. Ní 1999, ọkọ̀ Mars Climate Orbiter tí NASA rán lọ sí Mars sọnù bó ti ń débẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n pọ́n-ùn ni ẹgbẹ́ kan fi ṣírò agbára, ẹgbẹ́ kejì sì gbà pé ìwọ̀n newton ni. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló mọṣẹ́. Àárín wọn ni iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí la ń wá lọ sí Mars nígbà tí etíkun Akpakpa wà níbí? Ní 1885, àwọn Faransé la ọ̀nà omi láti inú ọ̀sà bọ́ sínú òkun, kí ẹ̀kún omi má bàa bo Kútọnú mọ́lẹ̀. Ọ̀nà omi yẹn ló fi Akpakpa sí òdìkejì, tí a fi ń gba orí afárá kọjá lọ sí ọjà Dantokpa lónìí. Ó ran ìlú lọ́wọ́, a kò lè sẹ́ ẹ. Òun náà ló sì ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀ láti wọ adágún Nokoué, tí ọ̀rọ̀ ẹja àti apẹja fi yí padà títí dé Ganvié, abúlé orí omi. Ní 1965, èbúté omi jíjìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdùnnú ńlá ni, nítorí èbúté yẹn ló ń bọ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ títí di òní. Àmọ́ ìṣàn omi etíkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló ń lọ, yanrìn tó sì ń gbé dání lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan mítà kúbíìkì. Ògiri òkúta tí wọ́n nà sínú òkun nítorí èbúté dá yanrìn yẹn dúró. Etíkun ń fẹ̀ sí i ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí àwa wà, yanrìn kò dé mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Wọ́n tún na ògiri òkúta mìíràn ní Siafato nítorí ẹnu ọ̀sà, ìjẹkújẹ òkun sì ṣí lọ síwájú, ó ń bá àwọn ará ibòmíràn fínra. Ilé wó. Igi àgbọn bọ́ sínú omi. Àwọn ìdílé tó ti jogún ilẹ̀ etíkun láti ọ̀dọ̀ bàbá wọn rí i tí ogún náà wọ òkun lójú wọn, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n lè pe òkun lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba wá ń na owó gọbọi láti to òkúta mìíràn sí iwájú òkun.

Mi ò bú àwọn tó kọ́ èbúté. Ohun tí wọ́n bẹ̀ wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹnì kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo èbúté, yanrìn, ọ̀sà, ẹja àti ilé àwọn èèyàn pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo, tí àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ pé ẹ dúró ná.

Etíkun yìí kan náà ni wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo sí, níbi tí Àpérò Orílẹ̀-èdè ti wáyé ní oṣù kejì ọdún 1990, tí Mọ̀ǹsínyọ̀ Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀. Ológun jókòó síbẹ̀, olùkọ́ jókòó síbẹ̀, oníṣòwò àti ẹlẹ́sìn jókòó síbẹ̀, wọ́n sì yí ìjọba padà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. A mọ bí a ti ń kó àwọn tí ìmọ̀ wọn kò papọ̀ jókòó nítorí òṣèlú. Nítorí ẹ̀rọ, a kò tíì ṣe é.

Kì í ṣe pé a kò nílé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ EPAC ní Calavi, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977 pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ti kọ́ àwọn ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Áfíríkà. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní Dangbo ti wà láti 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ti òkè òkun wá síbẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Abomey wá ní 2016. Sèmè City, ibùdó ìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ilé ẹ̀kọ́ Epitech sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀ láti 2019. Ouidah ni wọ́n ń kọ́ ibùdó ńlá Sèmè City sí. Mo yin gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló wà nínú ọgbà tirẹ̀. Ọmọ Dangbo lè ṣe ìṣirò ìṣàn omi dé ojú àmì láìfọwọ́ kan pọ́ǹpù rí. Ọmọ Epitech lè kọ sọ́fítíwíà tó jíire láìmọ bí mọ́tò iná ńlá ṣe ń gbóná tó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó sì mọ mọ́tò yẹn dunjú, lẹ́bàá títì Àjàṣẹ́ ló wà, nínú ṣọ́ọ̀bù ríwáyà, kò sì ní báàkì, ìwé ẹ̀rí tí a fi ń wọ yunifásítì.

Akpakpa ni gbogbo wọn ti lè pàdé. Ibí ni ilé iṣẹ́ ọtí bíà wà, ibí ni a ti mọ àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ sí láti ọjọ́ pípẹ́, ibí ni a ti ń rí ilé ẹja dídì, jórinjórin, àwọn tó ń tún tírélà ṣe, àti ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń pèsè iná nígbà tí iná láti ibòmíràn kò bá tó. Ọ̀nà tó ti Abidjan lọ sí Èkó gba àárín wa kọjá. Kò sí irú ẹ̀rọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ rí tí kò ní rí láàárín afárá àti PK10 lójú títì Àjàṣẹ́.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀kún omi òjò yẹ̀ wò. Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, èyí tó kéré sì tún máa ń padà wá láti oṣù kẹsàn-án. Àsìkò òjò kejì yìí gan-an ni odò Ouémé ń ti òkè kún bọ̀, tó ń ya wọ adágún Nokoué, tí ọ̀sà fi ń ga. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa pàápàá kò jìnnà. Ìdí nìyẹn tí ilé kan ní Akpakpa fi lè kún láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kí ó sì tún máa sun omi láti ìsàlẹ̀. Ìjọba ń la gọ́tà ńláńlá kiri Kútọnú, iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀, bí òkun bá ga, tí ọ̀sà náà ga, gọ́tà kò rí ibi tí yóò da omi rẹ̀ sí, bí kọnkéré rẹ̀ ti wù kó nípọn tó.

Ẹ fún àwọn ọmọ mẹ́rin ní iṣẹ́ dídènà ẹ̀kún omi yìí fún ọdún kan. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí òkun máa ń ga àti ìgbà tó máa ń fà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ohun èlò tí yóò máa wọn omi nínú gọ́tà, tí iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kò ní í jẹ tán láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀kan ni yóò mójú tó pọ́ǹpù àti iná rẹ̀, nítorí ìgbà tí òjò bá pọ̀ jù ni iná sábà máa ń lọ. Ẹni kẹrin ni yóò kọ ohun tí yóò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, yóò sì rí i pé ìyá tí kò mọ Faransé kà yóò gbọ́ ọ ní Fọn tàbí ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn lọ bá àwọn obìnrin tó ń tajà létí gọ́tà sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè mọ ìdí tí ìdọ̀tí fi ń débẹ̀, torí ọ̀rá kan ṣoṣo lè dí ẹnu pọ́ǹpù olówó ńlá. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí yọrí ti di ẹnjiníà tí Eindhoven yóò fi tọwọ́tẹsẹ̀ gbà, bó bá wù ú láti lọ.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀. Gáàsì tó ń jó ní ilé iṣẹ́ mànàmáná Maria-Gléta, tí wọ́n ṣí ní 2019 pẹ̀lú agbára mẹgawáàtì 127, lè ti Nàìjíríà wá nínú ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìtọ́kì ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó gba abẹ́ òkun lọ títí dé Gánà, 678 kìlómítà gbáko. Ní Illoulofin, nítòsí Pọ́bẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa, ilé iná oòrùn mẹgawáàtì 25 ti ń ṣiṣẹ́ láti 2022. Bí oòrùn bá wọ̀ ní Pọ́bẹ̀, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí gáàsì bá fà sẹ́yìn ní Ìtọ́kì, ẹni tó ń ta ẹja dídì ní Akpakpa lè mọ̀ ọ́n lára. Ta là ń kọ́ láti máa wo gbogbo rẹ̀ pọ̀?

Àwọn kan yóò ní kò sí olùkọ́. Ó wà, kò sì jìnnà. Yunifásítì Èkó ní Akoka ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó dá dúró fún irú ìmọ̀ yìí gan-an. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Ibidapo-Obe, ọmọ Ilé-Ifẹ̀, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Waterloo ní Kánádà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀, kí ó tó di gíwá yunifásítì náà láti 2002 sí 2007. Ọmọ Akpakpa ń fi Akoka sílẹ̀ lọ sí Yúróòpù láìmọ̀ pé ohun tó ń wá wà lẹ́yìn bọ́dà. Ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Yorùbá, wọ́n ní ẹbí ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún wọn. Àwọn aláṣẹ yóò ní ìwé ẹ̀rí Nàìjíríà kò bá ìlànà CAMES, àjọ ẹ̀kọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà, mu. Ṣùgbọ́n láti 2003 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ní àdéhùn pé kí wọ́n máa gba ìwé ẹ̀rí ara wọn. Kí gíwá Calavi àti ti Akoka lò ó.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ kò sí fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò lè gbà. Ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí sínú ìgò, ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ, ẹ̀rọ tó ń mú ẹja dì, gbogbo wọn ni kọ̀ǹpútà kékeré ń darí lónìí, bí èyí bá sì kọṣẹ́, ẹni tí yóò bọkọ̀ òfuurufú wá tún un ṣe kì í gba owó kékeré. Owó yẹn ni owó iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ rántí pé inú àgọ́ onípákó ni ASML náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ kò pọ̀. Kí Calavi àti Akoka kọ́kọ́ mú ogún akẹ́kọ̀ọ́, kí ọdún kìíní wà nínú kíláàsì, kí ọdún kejì wà ní Akpakpa látòkè délẹ̀. Kí ọ̀gá ríwáyà àti ọ̀gá jórinjórin kan gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ níbẹ̀, láìbéèrè báàkì lọ́wọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀; ọmọ mẹ́rin láti ẹ̀ka mẹ́rin ni kí ó kọ ọ́ pọ̀. Bí ọjọ́ tí wọn yóò dúró dáhùn ìbéèrè bá sì pé, kí wọ́n ṣe é ní gbangba ní àdúgbò tí iṣẹ́ náà kàn, ní Faransé, ní Fọn àti ní Yorùbá, kí onílé tí omi ń wọ yàrá rẹ̀ wà lára àwọn tí yóò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.