Ọjọ́ Ajé ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan bá fẹ́ ròyìn ara rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ọjọ́ ìfẹ̀bùn ni ó máa ń ròyìn: ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà níbi eré-ìje, ọmọ tí ó yege jù lọ nínú ìdánwò WAEC, àti àlejò pàtàkì tí ó bá wọn jókòó. A kò kẹ́gàn irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú àwa pẹ̀lú a máa dùn láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọjọ́ ìfẹ̀bùn nínú ọdún. Ti àwọn ọjọ́ ìyókù ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá ti ọjọ́ Ajé. Nítorí pé ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ yìí, láàrin Kétu, Ìkòsì àti Mile 12, ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́ ń du ọjọ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àwa tìkára wa sì ti jẹ̀bi nínú ọ̀ràn náà.

Ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀nà Ìkòròdú ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí ọ̀wọ́ èrò méjì tí ń kọjá lára ara wọn. Ọ̀wọ́ kìíní ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn wọn. Àwọn kan ti Ìkòsì wá, àwọn kan ti Alápẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Agbóyì sì wà lára wọn, àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ẹsẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn alábàárù tí wọ́n ń sáré lọ sí ọjà Mile 12 nítorí pé ọkọ̀ ẹrù ti dé láti òru. Nígbà mìíràn, a máa rí ọmọ kan tí ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ń tẹ̀lé ọ̀wọ́ kejì.

Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdánù? Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń rìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé gbogbo ọmọ a tò ní ìlà-ìlà, wọn a gbàdúrà, wọn a sì kọ orin orílẹ̀-èdè. Orin yìí pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́: ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá orin àtijọ́ padà, èyí tí a kọ láti 1960 títí di 1978. Nítorí náà, bàbá àgbà ni ó lè kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní orin náà nílé, tí bàbá ọmọ yóò sì jókòó máa gbọ́ bí àlejò. Lẹ́yìn orin, tíṣà a pe orúkọ. Ẹni tí kò bá dáhùn, ààyè rẹ̀ nínú ìwé orúkọ a ṣófo.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìṣirò, bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ tíṣà ń ṣí orí tuntun: wọn a fi han ọmọ bí a ti ń fi lẹ́tà kan dípò iye tí a kò mọ̀, àti bí a ti ń wá iye náà rí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọn kì í tún un ṣí mọ́, àpẹẹrẹ ni wọ́n ń ṣe. Ní Ọjọ́rú wọn a tètè ṣíwọ́ ẹ̀kọ́ fún eré àti ẹgbẹ́ àríyànjiyàn. Ní Ọjọ́bọ̀ iṣẹ́ a le sí i. Ní ọjọ́ Ẹtì wọn a ṣe ìdánwò kékeré, wọn a sì gbá àyíká mọ́. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yóò kọ ìdáhùn sílẹ̀ láti ara ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kò mọ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí wí pé, “Orí mi kò gba ìṣirò.” Orí rẹ̀ kò ní àléébù kankan, ọjọ́ Ajé ni kò ní.

Wàyí o, a fẹ́ jẹ́wọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ni iṣẹ́ wa, ẹni tí kò bá sì mọ ìwé kọ a máa tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kí a bá òun kọ lẹ́tà. Ìyá kan tí ń ta tòmátì ní Mile 12 wá bá wa bẹ́ẹ̀. Opó ni, ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní SS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ó wí pé, “Bàbá Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ bá mi kọ ọ́ sí tíṣà pé ara ọmọ mi kò yá, kò ní lè wá lọ́la.” Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ le koko. A mọ̀ pé ọjà ni ó ń lọ. A ro ti opó mọ́ ọn, a sì kọ ọ́: a ní ibà ni. Nígbà kejì, inú rírun ni a kọ. Nígbà kẹta, orí fífọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé wa dára, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì wa; irọ́ nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí a ti kọ lẹ́tà márùn-ún, ọmọ náà nìkan ni ó wá ní ọjọ́ Àìkú kan, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti lọ dúró de ọkọ̀ ẹrù. Ó kúnlẹ̀ kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì wí pé, “Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́ sà, àìsàn wo ni kí n ṣe lọ́la?” Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó béèrè gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń béèrè iye owó ọjà. A gbé gègé wa kalẹ̀. Láti ọdún púpọ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní òfin mẹ́wàá ní ilé-ìsìn; a kò mọ̀ pé a ti ń fi ọwọ́ kejì kọ́ ọmọ yìí ní irọ́ pípa.

Ní ọjọ́ kejì a lọ bá tíṣà rẹ̀. Ó ṣí ìwé orúkọ: nínú ọjọ́ Ajé 9 tí ó ti kọjá ní sáà náà, 5 ni ó ṣófo. Ó sì mú lẹ́tà wa márààrún jáde láti inú tábìlì rẹ̀, ó ti fi okùn dì wọ́n pọ̀. Ó ní láti orí èkejì ni òun ti mọ̀. Ṣùgbọ́n òun dá ọwọ́ ìkọ̀wé wa mọ̀ láti ara ìkéde ìjọ, òun kò sì fẹ́ pe àgbàlagbà ní òpùrọ́. Àwọn baba wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tilẹ̀ pé sáà kan.

Láti ibẹ̀ a kọjá sí ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyá náà kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Láti Òkè Ọya ni tòmátì ti ń wá nínú apẹ̀rẹ̀, lórí ọkọ̀ ẹrù, nínú oòrùn àti eruku. Kí ó tó dé Mile 12, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ti ń fọ́. Kíá ni a gbọ́dọ̀ ṣa á: èyí tí ó le lọ́tọ̀, èyí tí ó rọ̀ lọ́tọ̀, èyí tí ó ti bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí ó ní iye lórí ní òwúrọ̀ lè di ohun ìdanù kí ilẹ̀ tó ṣú, alájọ yóò sì dé gba owó rẹ̀ bí tòmátì tà, bí kò tà. Ọmọ ni ọwọ́ kan ṣoṣo tí kì í béèrè owó iṣẹ́. Ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan.

A jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ kan tí ó ṣófo, a sì sọ ìtàn kan fún un, èyí tí a óò sọ fún yín pẹ̀lú. CMS Grammar School ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Bàrígà ni ó wà láti 1959, kò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859. Bí a bá ka kàlẹ́ńdà padà sẹ́yìn, ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Ọmọ 6 péré ni ó bẹ̀rẹ̀. Álùfáà Thomas Babington Macaulay ni olórí wọn, ẹni tí ó fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther, tí ó sì jẹ́ bàbá Herbert Macaulay. Àmọ́ ta ni ó fún un ní owó ìwé? Oníṣòwò ni. James Pinson Labulo Davies, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró ní 1828, ti kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Freetown, ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó wá di oníṣòwò ní Èkó. Ní 1859 ó gbé £50 kalẹ̀ fún Macaulay láti ra ìwé àti ohun-èlò. Ní 1867 ó tún fi £100 sí i fún owó ilé kíkọ́.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní àwọn ọdún 1870 òwò Davies dojú dé, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì rí ọ̀nà mìíràn ju kí ó lọ dá oko. Ní nǹkan bí 1880 ó bẹ̀rẹ̀ sí gbin kòkó ní Ijon, lẹ́bàá Agége, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa. Ó kú ní 1906. Owó tí ó fi ra ọjà ti bá òwò lọ. Owó tí ó fi ra ìwé fún ọmọ 6 ṣì wà ní Bàrígà títí di òní, àwọn ọmọ sì ń pe orúkọ níbẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n bí ilé bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ọmọ tí a kọ́ kò bọ́.

Ìyá náà gbọ́ ìtàn náà tán, ó sì bi wá pé, “Ó dára, Bàbá Akọ̀wé. Ta ni yóò bá mi ṣa tòmátì lọ́jọ́ Ajé?”

Ìbéèrè rere ni, ìtàn nìkan kò sì lè dáhùn rẹ̀. Àwọn ìyá méjì tí ìsọ̀ wọn kan tirẹ̀ ni wọ́n dáhùn, nítorí pé ọ̀ràn kan náà ń bá wọn jà. Wọ́n rántí àáró tí àwọn òbí wọn ń ṣe lóko. Wọ́n ṣe ìpinnu pé ní ọjọ́ Ajé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jùmọ̀ ṣa tòmátì ẹni kìíní, kí wọ́n tó bọ́ sí ti èkejì àti ti ẹ̀kẹta, àti pé àwọn ọmọ yóò wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá jáde ní ọ̀sán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A kò ní fi pamọ́ fún yín pé ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ìyá náà pàdánù bí ìlàjì apẹ̀rẹ̀ kan, nítorí pé òun ni wọ́n ṣe tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ fún wa, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n kò pe ọmọ náà padà.

Ìròyìn àṣeyọrí wa nìyí. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ọjọ́ Ajé 12 ni ó wà. Ọmọ náà dáhùn orúkọ rẹ̀ ní 11. Ọ̀kan tí kò lọ, ibà ni ó dá a dúró ní tòótọ́. A kọ lẹ́tà sí tíṣà, ó sì pẹ́ kí a tó rí ọ̀rọ̀ tí yóò gbà gbọ́. Kò tíì gba ipò kìíní nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìwo ìwé ẹlòmíràn. Ìdánwò WAEC ṣì ń bẹ níwájú, níbi tí ẹni tí ń lépa yunifásítì ti gbọ́dọ̀ yege dáradára nínú ẹ̀kọ́ 5, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn. A kò lè sọ fún yín bí yóò ti rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí iṣẹ́ ọjà bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ ṣe àáró kí ẹ tó fa ọmọ yọ kúrò ní kíláàsì. Ẹ̀yin tíṣà, nígbà tí àgbàlagbà bá purọ́ fún yín nítorí ọmọ, ẹ bá wa sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kíákíá. Ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ Ajé ni kí ẹ dì mú ṣinṣin. Ní tiwa, a kò fi iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ sílẹ̀. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ kò bá yá, kí ó mú ọmọ náà wá kí a rí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.