Omi Kò Lọ́tàá, Àfi Lórí Yìnyín

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. A kò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bínú sí omi, òun náà ni yóò mu ún, òun náà ni yóò fi wẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó fi òwe yẹn pa wá lẹ́nu mọ́, ẹ kọ́kọ́ wá dúró tì wá lórí adágún kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní oṣù kìíní ọdún, ní aago 7 àárọ̀, nígbà tí òtútù ti wọ dígíríì 20 nísàlẹ̀ òdo. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé omi tí kò lọ́tàá, òun fúnra rẹ̀ lè di ọ̀tá èèyàn.

Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Yorùbá ni wá. Iṣẹ́ ajé ló gbé wa dé Brooklyn Park àti agbègbè rẹ̀, a sì máa ń pẹja lórí yìnyín. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí yìnyín. A ó lu ihò sí i, a ó ju ìwọ̀ sínú ihò náà, a ó jókòó tì í. Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n ní ṣé orí wa pé? Orí wa pé. Ẹja ń bẹ nísàlẹ̀, ẹja la sì ń wá lọ. Ìjà wa lónìí kì í ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń fi wá rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kọ́ àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí irinṣẹ́ ìpẹja kò ṣe ní dì, àwọn la bá wí.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: òtútù ni ọ̀tá, owó sì ni oògùn rẹ̀. Òrùka ọ̀pá dì? Lọ ra ìpara. Okùn dì? Lọ ra èyí tí wọ́n ń fín sí i. Rííìlì kò yí mọ́? Sọ ọ́ nù, ra òmíràn. Ẹni tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta tó ti Ìbàdàn dé, tó ń san owó ilé, tó tún ń fi owó ránṣẹ́ sílé, òun ni wọ́n ń kó gbogbo èyí lé lórí. Kó tó pa ẹja kan, ó ti ná owó ogún ẹja.

A ní irọ́ ni. Òtútù kọ́ ni ọ̀tá. Omi ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá ìpẹja tó gbẹ, ẹ gbé e síta mọ́jú, òrùka rẹ̀ kò ní dí. Kò sí omi lára rẹ̀, kí ló fẹ́ dì? Àmọ́ bí ẹ bá ti ju okùn sómi, tí ẹ sì fà á padà, okùn yẹn ti gbé omi wá sókè. Bó ṣe ń gba inú òrùka kọjá, òrùka ń nu omi náà kúrò lára rẹ̀, omi sì ń dúró síbẹ̀. Dígíríì 0 ni omi ti ń dì, ẹ sì rántí ibi tí òtútù wa wà láàárọ̀ yẹn. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kejì, òrùka á há, okùn á há síbẹ̀, ẹja á já a lọ. Òrùka orí ọ̀pá pátápátá, tó kéré jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ dí.

Ìdí nìyí tí irú okùn fi ṣe pàtàkì ju ìparakípara lọ. Okùn tí wọ́n fi fọ́nrán wẹ́wẹ́ hun pọ̀ bí irun tí a di, a máa fa omi sáàárín fọ́nrán rẹ̀ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Okùn ẹlẹ́yọ kan tó ń dán kì í gbé omi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fún ọmọ tuntun ní okùn híhun, tó wá ní kó lọ ra ìpara tí kò ní jẹ́ kó dì, ó dà bí ẹni tó sọ iná sílé tán tó wá ń ta omi.

A mọ ohun tí wọn ó sọ. Wọn á ní àwọn ti fi òróró ìdáná pa òrùka rí, ó sì ṣiṣẹ́. A ò ní kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà okùn á nù ún lọ. Níbo ló wá lọ? Inú omi ni, ara ìjẹ, ẹnu ẹja. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. A ti fi etí ara wa gbọ́ ẹni tó ń gba ọmọ tuntun nímọ̀ràn pé kó bu antifreeze, omi tí à ń dà sínú rédíétọ̀ ọkọ̀, sẹ́nu ihò kí ihò má baà dí. Ẹ gbà wá o! Ethylene glycol ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára nǹkan yẹn. Májèlé ni. Ó tún dùn lẹ́nu, ìyẹn ló fi ń pa ajá tó bá lá a. Ẹja tí ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ata fáwọn ọmọ yín, inú ilé rẹ̀ lẹ fẹ́ da májèlé sí? Ihò tó ń dí, ṣíbí ńlá oníhò ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi kó yìnyín kúrò lójú omi. Bó bá tún dí, ẹ tún kó o. Kò wọ́n, kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Kó má baà dà bíi pé àwa nìkan la mọ́, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. Lọ́dún kan, a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dání, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún un nínú wa. Òrùka ọ̀pá rẹ̀ dì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń fi èékánná họ yìnyín. Nígbà tí kò ṣeé ṣe, ó fi ẹ̀mú gbá òrùka náà. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tiẹ̀ ṣe é o, ẹ kàn ń wò mí níran." A bú sẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé tánganran tó wà nínú òrùka ti sán. Nígbà tí ẹja gidi kan wá gbé ìwọ̀ rẹ̀, ojú ibi tó sán yẹn ló gé okùn. Ó tún wọ ìbọ̀wọ́ tó ti rin padà. Ká tó dé ìdí ọkọ̀, ìka rẹ̀ méjì ti kú, kò mọ̀ wọ́n lára mọ́. Ọlọ́run yọ ọ́, ìka náà padà bọ̀ sípò. Àmọ́ kò bá wa lọ mọ́. Ẹni tó yẹ kó di apẹja, àwa la fi ẹ̀rín lé e lọ.

Ohun tó yẹ ká ti sọ fún un kò sì gùn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tú rííìlì rẹ, nu girísì tó pọ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí girísì a máa le nínú òtútù bí òrí ṣe ń le nígbà ọyẹ́. Kán epo fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i, ó tó. Tó o bá dórí adágún, máa fi ọwọ́ fa okùn bí ẹja bá gbé e, kí okùn tó rin má baà máa yí sínú rííìlì. Tí òrùka bá dì, má gbá a, má ṣẹ́ ẹ. Ti orí ọ̀pá bọ inú ihò. Omi tó wà lábẹ́ yìnyín kò tíì dì, ó sì móoru ju afẹ́fẹ́ tó wà lókè lọ. Yìnyín ara òrùka á rọ̀. Yọ ọ́, gbọ̀n ọ́n dáadáa, fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíákíá. Má ti rííìlì bọ omi o! Ìbọ̀wọ́ méjì ni kó o mú dání: ọ̀kan fún omi, ìkejì láyà rẹ, níbi tó ti máa gbẹ. Tó o bá délé, má ti irinṣẹ́ mọ́ inú báàgì. Bí ìgò mínírà tútù ṣe ń làágùn tí a bá gbé e sórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni rííìlì tútù ṣe ń làágùn nínú ilé tó móoru. Tẹ́ ẹ síta, jẹ́ kó gbẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òógùn yẹn ni yóò dì lọ́la.

Ṣé ẹ rí i pé a ò tíì ra nǹkan kan?

Àwọn kan á ní ìmọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwa èèyàn ilẹ̀ olóoru, kí la mọ̀ nípa yìnyín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ. Láyé ìgbà tí òwú ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n, apẹja tó bá ká àwọ̀n tútù sígun ilé, jíjẹrà ni yóò bá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá a. Nígbà tí ọ̀rá dé, tí kì í jẹrà, wọ́n tún rí i pé oòrùn ló ń jẹ ìyẹn, pé abẹ́ ibòji ló dáa fún un. Ìdí yí padà, àmójútó kò yí padà. Ohun tí omi ń ṣe fún àwọ̀n òwú létí ọ̀sà lọ́jọ́sí, òun náà ló ń ṣe fún okùn wa ní Minnesota. Ọmọ ẹni tó ń sá àwọ̀n kò yẹ kó máa ra ìpara.

A gbà pé ọjọ́ kan wà tí afẹ́fẹ́ á le débi pé aṣọ ìnùwọ́ gan-an á dì gan-n-gan lọ́wọ́ èèyàn. Lọ́jọ́ náà, ẹ pàgọ́, kẹ́ ẹ tan iná gáàsì sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú atẹ́gùn àgọ́ sílẹ̀, nítorí carbon monoxide kò lóòórùn, bẹ́ẹ̀ ló ń pani. Tàbí kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Ẹja kò ní sá lọ. Tó bá sì jẹ́ pé dandan ni kẹ́ ẹ náwó, ohun tó ń dá ẹ̀mí sí ni kẹ́ ẹ fi rà: irin ṣóńṣó méjì tí à ń gbé kọ́rùn, tí ẹni tó bá rì yóò fi gún yìnyín fa ara rẹ̀ jáde. Ìjọba Minnesota ní yìnyín tuntun tó mọ́ kedere gbọ́dọ̀ ki tó ínṣì 4, ó kéré tán, kí èèyàn tó rìn lórí rẹ̀. Ẹ rí ẹni tó ra ìpara òrùka oríṣi mẹ́ta, tí kò ní irin yìí lọ́rùn? A rí irú wọn lọ́dọọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti pẹ́ ńbí, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín. Bí àbúrò kan bá béèrè lọ́wọ́ yín ní òtútù tó ń bọ̀ pé kí lòun máa ṣe kí irinṣẹ́ òun má baà dì, ẹ má júwe ṣọ́ọ̀bù fún un. Ẹ fún un ní àkísà tó gbẹ, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.