Ebi Kì í Ṣe Ẹ̀bi

Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ojú tí àwa èèyàn gúúsù Èkìtì fi ń wo ẹni tó sanra, kí ó jókòó ti ìdílé kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré nígbà tí wọ́n bá ń pín iyán lálẹ́. Bí ọmọ tó tín-ín-rín bá ní kí wọ́n bù kún tòun, wọn á ní ọmọ náà ń dàgbà ni. Bí ọmọ tó sanra bá béèrè fún ohun kan náà, gbogbo ojú a yí sí i. Ẹnìkan a pè é ní wọ̀bìà, ẹlòmíràn a ní ọ̀kánjúà ni. Ìyá rẹ̀ náà kò ní bọ́ níbẹ̀: wọn á ní òun ló kẹ́ ẹ bà jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ebi ni mo gbé wá, pàápàá ohun kékeré kan nínú ọpọlọ wa tó ń sọ fún ọwọ́ pé kí ó kúrò nínú àwo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì ṣeré díẹ̀. Nínú gírámà Yorùbá, ebi fúnra rẹ̀ ni olùwà gbólóhùn: ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí. Àbọ̀ lásán ni èèyàn nínú gbogbo rẹ̀. Òun ni wọ́n ń ṣe nǹkan sí. Ìgbà tó bá di ọ̀rọ̀ ìyó ni èèyàn tó padà di olùwà: mo yó, ó yó, wọn kò yó. A sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí inú kún, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn yó. Òṣìṣẹ́ tó jẹ ìrẹsì ní Adó lọ́sàn-án lè dé Ìkẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́ kí ó búra pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀, nítorí pé kò tíì rí iyán. Ẹ̀fẹ̀ àwa Èkìtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú kíkún àti ìyó kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ikùn ló ń kún; inú ọpọlọ ni a ti ń yó.

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ekùrọ́ kan lọ. Ibẹ̀ ni ìròyìn nípa oúnjẹ ti ń pàdé. Ọ̀rá ara wa gan-an ni ó ń rán ọ̀kan lára ìròyìn náà. Họ́mọ̀nù tó fi ń rán an ni leptin, tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rockefeller University, New York, ṣàwárí jíìnì rẹ̀ ní 1994. Bí ọ̀rá bá pọ̀, leptin a pọ̀. Bí ọ̀rá bá dín kù, leptin náà a lọ sílẹ̀. Nígbà tí leptin bá dé hypothalamus, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ a tú èròjà kékeré kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ alpha-MSH. Irú èròjà báyìí, tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan fi ń bá èkejì sọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pè ní neuropeptide. Alpha-MSH a wá lọ bá olùgbàròyìn kan lára sẹ́ẹ̀lì mìíràn, yóò sì wọ inú rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Olùgbàròyìn yìí ni melanocortin-4 receptor, tí àwọn onímọ̀ gé kúrú sí MC4R. Bí ó bá ti ṣí, ọ̀rọ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde ni pé: ó tó, gbé ọwọ́ sílẹ̀. Ó tún ní ipa nínú bí ara ṣe ń ná agbára tí oúnjẹ mú wá.

Ó ní alátakò, AgRP, tí ó ń lọ jókòó sórí olùgbàròyìn kan náà kí ó lè tì í pa. Ìgbà tí ara kò bá rí oúnjẹ ni AgRP máa ń pọ̀. Ẹni tó gbààwẹ̀ láti ìdájí, tí òórùn ẹ̀fọ́ rírò wá bá a nírọ̀lẹ́, ti bá AgRP pàdé rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ bí àgádágodo yìí bá bàjẹ́ láti inú oyún? Ní 1997, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ba jíìnì MC4R jẹ́ lára eku. Àwọn eku náà jẹ àjẹjù, wọ́n sì sanra gidi. Ní 1998, ikọ̀ kan ní Cambridge àti òmíràn ní Paris kéde pé àwọn ti rí i lára èèyàn, nínú ìdílé tí sísanra ti ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Méjì ni ẹ̀dà jíìnì náà tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan péré bá bàjẹ́, ó ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tó di 2003, Sadaf Farooqi, Stephen O'Rahilly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge ròyìn lórí 500 èèyàn tí wọ́n ti sanra rékọjá ààlà láti kékeré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6 nínú 100 tí jíìnì MC4R rẹ̀ ní àbùkù. Wọ́n tún gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn kan lára wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Bí àbùkù olùgbàròyìn náà bá ṣe le tó ni oúnjẹ tí wọ́n jẹ ṣe pọ̀ tó. Èmi ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí à ń pè ní wọ̀bìà nílé, wọ́n fi àwo oúnjẹ àti sẹ́ẹ̀lì wọ̀n ọ́n, ó sì bá ara mu.

Kì í sì í ṣe inú ilé ìwòsàn nìkan ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà. Nínú àwọn ọmọ Bristol tí wọ́n ń tọ́pasẹ̀ láti ìgbà ìbí, ìwádìí tó jáde ní 2021 rí i pé nǹkan bí ẹnìkan nínú 337 ni MC4R rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi pé ọmọ ọdún 18, wọ́n ti fi nǹkan bí kílò 17 wúwo ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní ìpíndọ́gba. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn kì í tètè pa lẹ́yìn tó bá ti ṣí. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà sanra, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí 2019 lórí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìbàdí tín-ín-rín yangàn lórí Instagram, ẹ rọra o.

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan ní Ìsẹ̀, ọmọ ọdún 11, tí kì í jẹun mọ́ níwájú èèyàn. Abẹ́ ibùsùn ni ìyá rẹ̀ ti ń rí àkàrà àti ọ̀rá bisikí. Nígbà tí mo sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí fún wọn nílé, bàbá kan nínú ẹbí dá mi lóhùn pé, "Ṣé jíìnì náà ló wá sọ àwọn tó lọ sí Amẹ́ríkà di àgbá?" Ìbéèrè gidi ni bàbá béèrè, nítòsí wa níbí ni wọ́n sì ti wá ìdáhùn rẹ̀. Amy Luke ti Loyola University, Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nínú wọn, fi 149 obìnrin láti ìgbèríko Igbó-Ọrà wé 172 obìnrin aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Chicago. Wọ́n fún wọn ní omi tí wọ́n fi àmì sí mu, kí wọ́n lè ka agbára tí ara wọn ń ná lóòjọ́. Àwọn ti Igbó-Ọrà wọn nǹkan bí kílò 58 ní ìpíndọ́gba, àwọn ti Chicago súnmọ́ 84. Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: agbára tí wọ́n ń ná lórí iṣẹ́ ara kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Oúnjẹ ni àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí.

Nítorí náà, bàbá ò jìnnà sí òtítọ́. Fún púpọ̀ jù nínú wa, ohun tó wà nínú àwo ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì lè jókòó ti àwo kan náà, kí ti ọ̀kan máa dún létí rẹ̀ kíkankíkan, kí èkejì má gbọ́ ohun tó pọ̀.

Ẹ ó béèrè oògùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ setmelanotide tó ń ṣí MC4R, fún àwọn tí àbùkù wọn wà lójú ọ̀nà kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún máa ń mú kí awọ dúdú sí i, nítorí pé ó ń kan olùgbàròyìn mìíràn tó jẹ́ ìbátan MC4R, tó wà nínú awọ. Ọ̀tọ̀ ni abẹ́rẹ́ Ozempic tí ẹ ń gbọ́. Olùgbàròyìn GLP-1 ni tirẹ̀ ń ṣí, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fúnni. Ní ti tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé, púpọ̀ nínú wọn ń ṣí ìdí bí àsúnwọ̀n ni. Wọn kò mọ ọ̀nà hypothalamus.

Bí ọmọ yín bá ti ń sanra kíákíá kí ó tó pé ọmọ ọdún 5, tí kì í yó, tí òbí kan náà sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání. Ìwọ̀n tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ yóò fi ọdún tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ han dókítà.