Ẹ jẹ́ ká mọ ìgbà tí iná yóò dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìmàsìkò ló ń dààmú ẹ̀dá. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iná ọba àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa mu gan-an.

Lóṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC fọwọ́ sí i pé kí owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A fò láti bíi náírà 68 sí náírà 225. Àdéhùn ni pé Band A yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, B, wákàtí 16, C, 12, D, 8, E, 4.

Wákàtí mẹ́jọ kì í ṣe kékeré lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ṣe gàrí. Rírin ẹ̀gẹ́ nìkan ló nílò ẹ̀rọ. Bíbó, sísẹ́ àti yíyan kò bá iná ọba tan. Bí wọ́n bá mọ̀ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni iná ń dé, wọn yóò ti bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ dè é. Wẹ́dà náà lè wọn irin, kó fi ayùn gé e, kó tó di pé iná dé tí yóò fi jó o. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá lókè òkun ń ṣe nìyẹn: wákàtí tí owó iná bá dínkù ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ tó ń jẹ iná jù sí.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣètò iṣẹ́ sí àkókò tí kò mọ̀? Bí iná bá dé lóru, tó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, wákàtí pé lórí ìwé, iṣẹ́ kò ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó máa bàjẹ́. Ni olúwa ẹ̀ yóò bá sáré ra epo sí jẹnẹrétọ̀, èrè rẹ̀ á sì bá èéfín lọ.

Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ lágbára láti máa mójú tó iná ní ìpínlẹ̀ wọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba agbára yìí lọ́dún 2024. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná láti máa kéde àkókò iná àdúgbò kọ̀ọ̀kan lórí rédíò, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà, kí èyí tó bá yẹ̀ ẹ́ láìnídìí san owó ìtanràn. A mọ̀ pé iná gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń dákú lójijì. A ò dá wọn lẹ́bi ìyẹn. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pín ni ká mọ̀.

Àgbẹ̀ kì í pàṣẹ fún òjò, ṣùgbọ́n ó mọ oṣù tó ń rọ̀. Kò yẹ kí iná tí èèyàn ń pín ṣòro í mọ̀ ju òjò Ọlọ́run lọ.